Àkèré Odò Pillanco Kì Í Ṣe Ará Ìgboro

Eduvina Catrileo kò kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ìgò àkèré lé orí tábìlì Dókítà Brückner gbàgà, ọtí líle tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú àkèré sì ta sórí ìwé tí ọ̀gá náà ń kà. Inú ń bí i gidigidi.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń bá ọkùnrin yìí kó àkèré jọ nínú igbó gúúsù Chile. Àwọn àkèré kékeré wọ̀nyí kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri; inú ihò olómi lábẹ́ igi tó wó ni wọ́n ti ń ké, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yé sí. Ti Odò Pillanco, lẹ́yìnkùlé ìyá Eduvina, ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé, torí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Orúkọ yẹn nìkan ni òfin fi ń dá àwọn onígẹdú dúró lẹ́nu igbó náà. Àfi bí Dókítà ṣe kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé irú kan náà ni pẹ̀lú èyí tó kún gbogbo agbègbè. Lọ́jọ́ Ajé, ayùn máa wọlé.

"Ẹ ní wọ́n rí i ní Los Tilcos," ni Eduvina wí. "Los Tilcos! Ilé epo àti ilé búrẹ́dì ló wà níbẹ̀. Ṣé inú ààrò búrẹ́dì ni àkèré ń gbé ni, Dókítà?"

Dókítà fa mate, tíì ewé rẹ̀, ó rọra gbé e kalẹ̀. "Bébà inú ìgò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìkọ̀wé ta nìyẹn, Eduvina?"

Eduvina tẹjú mọ́ bébà inú ìgò náà. Ìkọ̀wé tirẹ̀ ni, èyí tó fi ń yangàn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Odò Pillanco ni wọ́n ti kó gbogbo àkèré náà, ṣùgbọ́n Los Tilcos ni òun àti Dókítà máa ń sùn sí. Nídìí oúnjẹ ni wọ́n ti ń kọ bébà, ọ̀gá a sì ní, "Kọ orúkọ ìlú, jàre. Ta ló mọ odò ìyá rẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òun gan-an wá ni ikú ilé. Ìbínú náà yí padà, ó gbá òun fúnra rẹ̀ láyà.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́!"

"Ṣé mo fọwọ́ sí i ni? Máa lọ sílé, kí o lọ sinmi."

Ẹnikẹ́ni kì í yọ bébà àtijọ́ kúrò nínú ìgò. Bí àṣìṣe bá wà, bébà tuntun ni wọ́n ń fi kún un. Eduvina mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́ sórí bébà tuntun pé: "Odò Pillanco. Irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo kọ ọ́." Ó fọwọ́ sí i, ó ṣí ìgò, ó sì jù ú sínú ọtí.

Dókítà fò dìde. "Orí ẹ pé ṣá? Ta ló máa gba òpùrọ́ gbọ́?"

Eduvina ti ń fa ìgò kejì sílẹ̀ lórí pẹpẹ. "Àwọn tó ti ń gba bébà mi gbọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún."