Ìràwọ̀ Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ìràwọ̀ kan yọ lójú ọ̀run, ó sì kọ̀, kò wọlé mọ́. Oòrùn là, ó bá a níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n ganrínganrín, ojú rẹ̀ kò ṣe bàìbàì. Tọmọdé tàgbà ń wòkè, wọ́n ń wí pé, "Olúwa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mà pọ̀ o!" Àmọ́ ìjàngbọ̀n ló dá sílẹ̀ ní ọ́fíìsì iná ìgboro, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé iná kan kò gbọdọ̀ tàn sí àdúgbò láìní nọ́ńbà.

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Baba Nọ́ńbà ló ń fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára òpó iná. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń gbé àkàbà kiri.

Ọ̀gá rẹ̀ na ìka sójú fèrèsé. "Àdúgbò ta nìyẹn ń tàn sí?"

"Àdúgbò tèmi ni, sà."

"Nọ́ńbà rẹ̀ dà?"

"Ọ̀gá, ìràwọ̀ mà ni!"

"Ṣé mo bi ọ́ pé kí ni? Bí kò bá ní nọ́ńbà lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ náà ò níṣẹ́ mọ́."

Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ga jù ládùúgbò, ibẹ̀ ló gbé àkàbà lọ. Mama, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń sáṣọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí i lórí páànù, tó na búrọ́ọ̀ṣì sókè, tí ọ̀dà ń kán sí i nímú.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé kò sí o?"

"Ó ku díẹ̀ kọ́wọ́ mi tó o, mà."

"Díẹ̀ kẹ̀!" Mama rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Kò sóhun tó yára tó ìmọ́lẹ̀ láyé, síbẹ̀ ẹgbẹ̀rún méje ọdún ni ìyẹn fi rìn kó tó dé ojú ẹ. Ìwọ wá fẹ́ fi àkàbà bá a!" Wọ́n gbójú sókè, ohùn wọn sì yí padà bíi tẹni tó ń kí ọba:

"A-tàn-má-lo-epo, àgbà iná!
Àádọ́ta oòrùn péjọ, wọn ò tó ọ bọ́ bàtà;
Mílíọ̀nù oòrùn ló tó jókòó tì ọ́.
Ẹni tó dá ọ, ìbà rẹ̀ ni mo jú."

Baba Nọ́ńbà jókòó sórí páànù. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wo ìràwọ̀ yẹn láìwá ibi tó máa kọ nọ́ńbà sí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mama, ọmọ mẹ́rin ni mo ń bọ́."

"Èmi tí mo wẹ̀ wọ́n ò mọ̀ ni? Lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá ẹ."

"Wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà."

"Ọ́fíìsì kì í ṣọjà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó sọ òótọ́ náà, bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó. Ọ̀gá ṣí ìwé òfin, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá-sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. "Ìwé yìí ní òṣìṣẹ́ tó bá wà lójú ọ̀nà iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé e, àfi tó bá débẹ̀ tó kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́." Ló bá kọ lẹ́tà ìrìn-àjò iṣẹ́ fún un, ó lu òǹtẹ̀ lé e: ẹgbẹ̀rún méje ọdún ni àlọ, ẹgbẹ̀rún méje ni àbọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé ní kó ṣọ́ra fún oòrùn lọ́nà.

"Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìmẹ́lẹ́ o!" ni ọ̀gá wí.

Látìgbà náà, bí Baba Nọ́ńbà bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, orí páànù Mama ló ń lọ, á jókòó, á máa wo ìràwọ̀ bí ẹni wo ojú ọmọ tuntun. Ọ̀gá á gba ìsàlẹ̀ kọjá, á gbé ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

"Ibo lo dé?"

"Mo ti gbéra, sà."

Ọ̀gá á fàmì sí i, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.