Ẹni Tó Ń Gbé Bàlúù Jáde

"Tú u sílẹ̀," ni ohùn inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wí. "Tú bàlúù náà sílẹ̀. Kò lọ mọ́."

Àgbò ti fi ọ̀pá irin so katakata rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú bàlúù, ó ku kó tì í sẹ́yìn kúrò níbi tí èrò ti ń wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Bàlúù lè fò kọjá òkun méje kó má mí kanlẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ní kó fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, ó di ọmọ ọwọ́. Àgbò ló ń tì í. Bó ṣe ń forí kan imú bàlúù bí ẹran tó ń jà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

"Kò lọ mọ́ kẹ̀?"

"Kò lọ lónìí, kò lọ lọ́la. Ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ẹ̀ fún wa tán ni."

Àyà Àgbò já. Kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ tó bọ́. Ìyá rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn èrò lókè yẹn, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, tàwọn ti fìlà oòrùn tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó òrùlé ilé. Ìyá ń retí kí ọmọ òun gbé wọn fò lọ sí etíkun.

Ilé-iṣẹ́ yìí kì í gbé oníṣòwò, kì í gbé ẹni tó ń lọ sìnkú. Ìgbafẹ́ nìkan ló ń gbé èèyàn lọ. Ògbólógbòó bàlúù kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bó bá ti ń gbéra, eyín àgbàlagbà inú rẹ̀ á máa lu ara wọn bí agogo. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, bàlúù ti di mọ́kànlá. Wọ́n kun ìrù gbogbo wọn láwọ̀ ọsàn, débi pé àkùkọ àdúgbò rò pé ilẹ̀ ń mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, wọ́n kọ títí ohùn wọn fi há. Ẹni tí kò ní bẹ́ẹ̀dì nílé ń ṣàlàyé yanrìn etíkun fún ará ilé kejì. Àmọ́ aṣọ àyálò kì í yẹni pẹ́. Wọ́n yá gbogbo bàlúù náà ni. Nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀, àwọn olóhun bẹ̀rẹ̀ sí í wá mú tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹyọ kan yìí.

Ní ti wàhálà Àgbò, ọ̀rọ̀ kékeré ló dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Èmi ni mò ń gbé bàlúù jáde, mà."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ pé lágbájá gbé mọ́tò jáde, tó rò pé ṣe ló tì í? Ìyá jó dé títì, ó jó padà. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Páílọ́ọ̀tì. Àgbò ní òun á ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà tó bá dọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún kò dé. Ó tún wá ń bu iyọ̀ sí i, ó ń sọ fún ìyá bí ìkùukùu ṣe tutù tó tí èèyàn bá na ọwọ́ síta, òun tí kò tíì wọ bàlúù tó gbéra rí láyé.

Ó gba àkàbà ẹ̀yìn gòkè, ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ìyá rẹ̀ ń sọ fáwọn èrò tó ń bínú. "Ọmọ tèmi ló ń gbé e. Kò jẹ́ fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ síbí."

"Màmá, àwọn páílọ́ọ̀tì ti lọ," ni ọkùnrin kan tó gbé ọmọ léjìká dá a lóhùn. "Mo rí wọn tí wọ́n ń wọ́ báàgì wọn."

"Tèmi ò sí ńbẹ̀. Tèmi kì í sá."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ìyá Páílọ́ọ̀tì, tí ò bá wá ńkọ́? Mo ti dágbére fún gbogbo àdúgbò, títí kan ewúrẹ́."

Àgbò di ilẹ̀kùn mú. Ojoojúmọ́ ló ń ti ohun tó wúwo ju ọgọ́rùn-ún erin lọ, àmọ́ pákó kan ṣoṣo yìí kò ṣeé tì. Ó wo gírísì tó kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ní kó fa bàlúù náà lọ sí ìpẹ̀kun pápá, kí olóhun wá gbà á. Mẹkáníìkì kan jókòó sórí àga páílọ́ọ̀tì, kó lè máa tẹ bíréèkì. Àgbò wà nísàlẹ̀ nínú katakata. Wọ́n ń kọjá níwájú gíláàsì gbọ̀ngàn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e, ó tẹ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta, ó sì gbé e lé itan.

"Páílọ́ọ̀tì mi, mo rí ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ti sọ fún wa pé ó ti parí. Kò burú. Ṣáà juwọ́ sí wa káwọn ọ̀rẹ́ mi rí ẹ, ká máa relé."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù, ó mú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. "Mẹkáníìkì, jọ̀ọ́, juwọ́ sáwọn ìyá tó wà lókè yẹn."

"Ta ni wọ́n?"

"Èrò ni wọ́n."

Mẹkáníìkì juwọ́, ó fi méjèèjì jù ú. Ẹ̀rín ìyá bú jáde lórí itan Àgbò, ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà tẹ̀ lé e, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ta lẹni tó wà nínú nǹkan kékeré níwájú ẹ yẹn? Òun nìkan ló ń fa gbogbo ìyẹn? Iṣẹ́ ńlá mà ni. Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo ní ó kú iṣẹ́."

Láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni nílé wọn kò kí i kú iṣẹ́ yìí rí. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ń ṣe é.

"Màá bá yín kí i, mà," ló wí. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ń fà á lọ.