Níbi Tí A Ń Kọ Ìlú Sí

Àríkẹ́ ti da ohun inú àpótí sórí ẹní, ó ń tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìbí ọmọ jáde. Káàdì abẹ́rẹ́ jáde. Àwòrán bàbá Sàlísù jáde, èyí tí ikán ti jẹ ìdajì fìlà rẹ̀. Ìwé ìgbélùú kò jáde.

"Má wulẹ̀ wá a mọ́," ni Sàlísù ọkọ rẹ̀ wí. "O mọ̀ pé mi ò ní in."

"Mo ní bóyá."

"Ohun tí a ò fi sínú àpótí kì í bá ibẹ̀ jáde."

Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò gùn. Ó ní kí Sàlísù mú Sàbírátù ọmọ rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sì mú ìwé dání. Irú ìwé tó jẹ́, wọn kò kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun Sàlísù.

Ọdún 1983 ni. Láti oṣù kìíní ni àwọn ọmọ Gánà tí wọ́n lé kúrò ní Nàìjíríà ti ń wọlé dé. Kumasi kún. Iná ti jó oko, àgbàdo di ohun àwárí. Ní Alabar, àdúgbò wọn ní Kumasi, ẹni tó bá fẹ́ sọ Yorùbá á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Alabar ni wọ́n bí Sàlísù sí. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi kúrò, òun àti bàbá rẹ̀ bá wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí òun kò fojú rí rí. Àríkẹ́ lóyún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àṣáńtì láti Mampong. Ìyá yìí wá, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní aboyún òun kò ní bá ẹnikẹ́ni gun lọ́rì. Bàbá Sàlísù kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọdún tó yí po. Lọ́dún 1972, Sàlísù àti Táhírù ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba inú igbó kọjá ẹnubodè, wọ́n padà wá. Kò sẹ́ni tó fún wọn níwèé, wọn kò sì bèèrè. Láti ìgbà náà, Sàlísù ń ta òwú àti bọ́tìnì. Bí ó bá rí sójà níwájú, á sọdá sí òdìkejì títì.

"Bí wọ́n bá ti bèèrè ìwé," Àríkẹ́ wí, "ẹ dárúkọ ìyá mi. Ilé rẹ̀ la bí ọmọ sí."

"Ta ló sọ ọ́ ní Sàbírátù?"

"Ẹ̀yin ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti fi orúkọ ránṣẹ́."

"Ó parí. Wọ́n ní kí n kọ ìlú ọmọ sínú fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́, mo kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni ǹ bá tún kọ? Ilé bàbá ọmọ ni ilé ọmọ."

Àríkẹ́ kó ẹrù padà sínú àpótí. Ó yọ ìwé ìbí sọ́tọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ mú un dání ná. Ìwé ṣáà ni."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Táhírù àti Bàṣírátù ọmọ rẹ̀ ti ń dúró nídìí ọkọ̀. Moshie Zongo, àdúgbò mìíràn ní Kumasi, ni Táhírù ń gbé, ó ń rán fìlà. Irú lẹ́tà yẹn náà ni wọ́n kọ sí i. Kò mọ̀wé. Sàlísù ló bá a kọ fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ ti Sàbírátù, pẹ̀lú gègé kan náà, ó sì kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí méjèèjì.

Wọ́n wọ trotro, ọkọ̀ èrò. Ètè Sàlísù kò dúró.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Táhírù rẹ́rìn-ín. "Bàṣírá ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò, Sàbírá ṣe ìkejì. Wallahi, bí ẹnì kan bá máa gbọ̀n, ìwọ ni, kì í ṣe èmi."

"Rẹ ohùn sílẹ̀."

Ó ti pẹ́ jù. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn wọn fọwọ́ kan Sàlísù léjìká.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Agége."

Yorùbá náà já gaara. Gbogbo ojú inú ọkọ̀ yí sí wọn.

"Mo gbọ́ èdè yín o. Ọdún márùn-ún ni mo fi ta búrẹ́dì l'Ágége. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ fún wa."

"Ìyá, kì í ṣe àwa," Táhírù wí.

"Ta wá ni? Ẹnu tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ní kí n máa lọ."

Sàlísù fẹ́ sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún àwọn níbí. Sàbírátù ló yíjú padà tó fi Twi sọ pé, "Maame, ará Kumasi ni wá."

Obìnrin náà wo ọmọ náà títí. "Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí," ó wí. Ó padà sí Yorùbá, ó kọjú sí Sàlísù. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣe yín bí wọ́n ṣe ṣe mí."

Sàlísù ṣe àmín. Kò dá a lójú pé àdúrà ni.

Sójà kan jókòó lábẹ́ igi ní géètì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Síbẹ̀, nígbà tí Sàlísù dé orí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ọ́fíìsì, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Kwaku, akọ̀wé ibẹ̀, yọjú. "Sàbírátù Sàlísù!"

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ obìnrin àgbà tó wọ awò ojú. Twi ló ń sọ. Ó ní kí wọ́n jókòó. Ohùn rẹ̀ tutù, èyí ló tún wá dẹ́rù ba Sàlísù jù.

"Ọmọ yín gbìyànjú. Bó bá jẹ́ máàkì nìkan ni, mi ò ní pè yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti Nàìjíríà bọ̀ ń wá ibi jókòó, mi ò sì lè fẹ kíláàsì. Ìjọba ní ẹni tí ìlú rẹ̀ kò bá sí ní Gánà ni kó kọ́kọ́ dìde fún wọn. Ìwé yín dà?"

Sàlísù fà á yọ. Ó fi ìwé ìbí náà lé orí tábìlì kíá. Obìnrin náà kà á. Ó gbójú sókè.

"Mampong? Ta lẹ ní ní Mampong?"

Sàlísù lè dákẹ́. Ó ronú kan bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ronú kan sójà tó wà ní géètì.

"Ìyá ìyàwó mi ni," ó wí. "Abena Pokuaa. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí."

"Kí ló dé tí ẹ kò wá kọ bẹ́ẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bí ìyá ló ni ọmọ. Èyí kì í ṣe àlejò!"

"Lọ́dọ̀ tiwa, ilé bàbá ni, Màmá."

"Ṣé ọ̀dọ̀ tiyín ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà?" Kò bínú sọ ọ́.

Kwaku ti mú gègé. Ó fa ìlà gba orí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú fọ́ọ̀mù. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

"Ọjọ́rú."

"Akua nìyẹn, bí a ṣe ń pe obìnrin tí a bí lọ́jọ́ náà." Ó kọ Akua ṣáájú Sàbírátù. "Ta ni alágbàtọ́ rẹ̀ nílé ìyá?"

Sàlísù dárúkọ ẹ̀gbọ́n Àríkẹ́ ọkùnrin. Kwaku kọ ọ́ síbi tí orúkọ Sàlísù wà tẹ́lẹ̀, ó yí ìwé náà sí i. "Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀."

Sàlísù fọwọ́ sí i.

"Bàbá," Sàbírátù fi Yorùbá wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "wọ́n ti fagi lé ìlú wa?"

"Dákẹ́."

"Mi ò tilẹ̀ débẹ̀ rí."

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ na ìwé ìgbàwọlé sí Sàlísù. Lẹ́yìn náà, ó fa fọ́ọ̀mù mìíràn jáde, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti Sàbírátù. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Èyí tó kù níta, máàkì rẹ̀ ju ti ọmọ yín lọ. Ọwọ́ kan náà ló sì kọ ìwé méjèèjì. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Bí Sàlísù bá ní òun mọ̀ wọ́n, wọn á bèèrè láti ìgbà wo. Wọn á bèèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, àti ẹni tí wọ́n jọ wá.

"Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ láàárọ̀ yìí," ó wí.

"Ìyá ọmọ náà ńkọ́? Ará ibo ni?"

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti so yìgì Táhírù àti ìyàwó rẹ̀. Sàlísù ló ṣe ẹlẹ́rìí.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Obìnrin náà tún wo ìwé méjèèjì. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Táhírù ti dìde kí wọ́n tó jáde tán. "Báwo ni?"

"Wọ́n gbà á."

"Alihamdulilahi!" Ó gbá a mọ́ra. Ó fọwọ́ pa Sàbírátù lórí. "Ẹ wò ó, ẹni tó ń gbọ̀n! Kí ni wọ́n bèèrè?"

"Ìyá ìyá rẹ̀."

Táhírù rẹ́rìn-ín. "Ti Bàṣírá ń bẹ láàyè! Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, eyín rẹ̀ ò tíì yọ ẹyọ kan." Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kúrò. "Bàṣírá ló ṣe kìíní," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo kọ ìwé rẹ̀."

"Èmi ni."

"Bá mi wọlé nígbà náà. O gbọ́ Twi jù mí lọ, o sì mọ bí a ṣe ń dá wọn lóhùn. Sọ fún wọn pé ẹni rẹ ni wá."

Sàlísù wo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó wo géètì. Sójà náà ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tán, ó ń nu ọwọ́.

"Sàbírá ò tíì jẹun láti àárọ̀," ó wí.

Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Bàṣírátù ló ń wò. Sàlísù fà á, ó wá tẹ̀ lé e.

Wọ́n kọjá lára sójà. Kò gbójú sókè. Sàlísù kò wẹ̀yìn títí wọ́n fi sọdá títì. Nígbà tó wẹ̀yìn, Kwaku kò tíì yọjú pe orúkọ Bàṣírátù. Táhírù àti ọmọ rẹ̀ ló kù lórí bẹ́ǹṣì.