Ìwẹ̀ Àìná

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 1986, Fọláyọ̀ ìyàwó mi bí ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn, ọmọ náà kò sì ké. Ìwọ́ ti wé mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí n dúró síta, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò tì dáadáa, mo sì gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń sọ pé ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́. Òjò ń rọ̀. Bàtà mi ọ̀tún ti já lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kan wà lórí sìmẹ́ńtì tútù. Wọ́n ń tẹ ọmọ láyà, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan bíi ti ológbò tó ń bínú, nọ́ọ̀sì sì pariwo pé, "Ó ti dé o! Àìná ti dé!"

A kò wulẹ̀ wá orúkọ kiri. Ọmọbìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Àìná ló ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni.

Màámi, Mojíre, ló ń wẹ ọmọ ní agbo ilé wa ní Ìlàrè. Á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ náà, á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ bó o, á na apá rẹ̀, á na itan rẹ̀. Bó bá parí, á ju ọmọ sókè, á sì hán an, kí ẹ̀rù má baà máa ba ọmọ náà láyé. Bó ṣe wẹ èmi náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ju Àìná. Ọmọ wa àkọ́kọ́, ilé la bí i sí ní ọdún 1984. Òun náà gbé ìwọ́ kọ́rùn, òun náà kò ké. Màámi ló gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí, òun náà ló fi aṣọ wé e fún àwọn àgbà tó lọ sin ín. Nítorí náà, nígbà tí a gbé Àìná délé, ó ní, "Ọkàn tó ti dúró rí, a kì í fi ṣeré." Kò jẹ́ kó sunkún. Bí ọmọ bá ti yanu, ó ti gbé e pọ̀n. Ó ń fi ìka méjì wẹ̀ ẹ́.

Ìyá Àlàní, aládùúgbò wa, dúró tì í lọ́jọ́ kan. "Mojíre, ṣé ọmọ lò ń wẹ̀ ni, àbí dígí lò ń nù?"

"Fi mí sílẹ̀ o! Ọkàn rẹ̀ ti dúró rí."

"Ọmọ tó ń fa ọmú bí ẹni ń fa omi kànga! Ọkàn tìrẹ ni kí o lọ wò."

Ní oṣù Kẹsàn-án, a gbé Àìná padà lọ fún àyẹ̀wò, Màámi sì tẹ̀ lé wa. Dókítà Ọláyínká, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín, ki ẹ̀rọ bọ etí, ó gbọ́ àyà ọmọ títí.

"Màámi, ọkàn rẹ̀ dára."

"Dókítà, ẹ má tàn mí. Ó dúró."

"Ó dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ inú oyún kì í mí, màámi. Atẹ́gùn díẹ̀ tó bá ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ wá ló fi ń gbé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti tọ́jú oúnjẹ pamọ́ sára. Àìtó atẹ́gùn ti mọ́ ọn lára kó tó wáyé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró bẹ́ẹ̀ lára ọkàn èmi àti ẹ̀yin, ó lè dá ọgbẹ́ tí kò ní jinná. Ti ọmọ tuntun máa ń fara dà á ju tiwa lọ. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọ ehoro. Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà, á tún máa lù."

"Bó ti wù kó pẹ́ tó?"

"Rárá, màámi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tètè ràn án lọ́wọ́."

Màámi ní, "Ṣé ó lè sunkún?"

"Ẹ jẹ́ kó sunkún dáadáa."

"Ìwọ, ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìpetumodù ni mí, mà."

"Ta ló wẹ̀ ọ́?"

"Ìyá ìyá mi ni."

"Ṣé kò jù ọ́ sókè?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Kó tó panu dé, Màámi ti dìde, ó ti ju Àìná sókè.

"Màámi! Ẹ jọ̀ọ́! Mi ò ní kí ẹ jù ú o!"

Ó hán an. Àìná la ojú, ó wo gbogbo wa, ó sì rẹ́rìn-ín kèékèé, ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó jókòó síta bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Fọláyọ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Nígbà tí a délé, Màámi pọn omi. Gbogbo agbo ilé jáde wá wòran. Ó bó Àìná tọwọ́tẹsẹ̀, Àìná sì figbe ta títí wọ́n fi gbọ́ ọ lójúde kejì. "Ké, ọkọ mi! Ké sí i!" ni Màámi ń wí. Ìyá Àlàní ń jó, ó ní dígí ti padà di ọmọ.

Màámi nu ọmọ, ó fi òrí pa á lára. Nígbà tí àwọn èèyàn ti túká, ó rọra bi mí pé, "Àjàgbé, dókítà ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ tètè ràn án lọ́wọ́, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé Àìná fún ìyá rẹ̀ kó lọ mu ọmú.

Àkọ́bí wa, ọkùnrin ni. A kò sọ ọ́ lórúkọ.