Ilẹ̀kùn Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Jáde

Ẹ gbọ́ nǹkan! Káfíńtà kan ló kan ilẹ̀kùn tí kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Obìnrin ni, Àǹtí Pákó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òkè pátápátá ilé alájà mẹ́rin kan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé àtijọ́ ni. Òwú ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ilé iṣẹ́ bàtà, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá háyà rẹ̀. Òpó irin gbọọrọ, fèrèsé ńláńlá, òórùn awọ ò sì tíì kúrò lára pákó ilẹ̀ rẹ̀.

Lọ́kọ̀ọ̀kan ni pákó ilẹ̀kùn náà gòkè. Àǹtí Pákó kàn wọ́n pọ̀, ó gbẹ́ ọnà sí i, ó fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Gbọ̀ngàn eré tuntun kan ló gbé iṣẹ́ náà fún un, odindi ni wọ́n sì fẹ́, wọn ò fẹ́ oníméjì. Iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ rí gbà nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bíríkìlà tó wá bá a gbé e, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ náà! Káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn, tó gbàgbé ilẹ̀kùn!" Ó mú ayùn. "Jẹ́ ká gé e sí méjì, kójú má baà tì wá."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó lọ gba atẹ́gùn lójú fèrèsé. Irin kan yọ sójú títì lókè, pẹ̀lú ìkọ́ ńlá lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ló ń rí i, ọ̀ṣọ́ lásán ló pè é. Àmọ́ òwú ńkọ́? Ẹrù òwú tó tóbi bíi màlúù, ṣé kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yìí náà ló gbà? Ó yíjú sí ògiri tó wà lábẹ́ irin náà gan-an. Bíríkì ibẹ̀ pupa ju ìyókù lọ, láti ilẹ̀ títí dé òkè, bí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n dí.

"Bọ̀dá mi, ẹ fi ayùn sílẹ̀. Òòlù ni kẹ́ ẹ mú."

Onílé gbà, wọ́n wó o, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé. Wọ́n dán irin náà wò dáadáa, wọ́n fi okùn kọ́ ọ. Ni ilẹ̀kùn bá ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, odindi, kò há, kò họ! Títì hó yèè. Àǹtí Pákó ń fò sókè bí ọmọdé.

Onílé wá ní kí bíríkìlà dí ihò náà padà.

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Ilẹ̀kùn ló yẹ ibẹ̀. Ẹ bi àbúrò mi, òun ni ọ̀gá."

Ọ̀gá ti mú téèpù lọ́wọ́ ní tiẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ wọ̀n.