Ọ̀dà Tútù Lára Sílíńdà

"Habeeb, má tètè kú lónìí o. Jẹ́ kí n ráyè wọ ìbọ̀wọ́."

"Àǹtí Fẹ́yì, ẹ̀yin lẹ̀ ń falẹ̀. Tí mo bá dùbúlẹ̀ pẹ́ jù, oorun á gbé mi lọ."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn méjìdínlógún ló ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì inú áńbúláǹsì nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àgùdà. Habeeb ni wọ́n máa ń fi ṣe aláìsàn, nítorí eku ti jẹ bèbí rọ́bà ilé ẹ̀kọ́ náà nímú. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ikọ́ fée tó ń bá a jà láti kékeré ti kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń wá èémí. Tó bá ti ń kú lọ báyìí, á ṣẹ́jú sí Fẹ́yìsayọ̀ tó máa ń ṣètọ́jú rẹ̀, kó má baà páyà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ìjọba lọjọ́ náà. Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá wọn, Theophilus, àwọn aláyẹ̀wò méjì ń jẹ ẹja yíyan. Àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ti wà ní bùùtù ọkọ̀ wọn. Nígbà tó ṣe, Theophilus jáde, ó ń fi fáìlì lu itan.

"Wọ́n ti buwọ́ lùwé àyẹ̀wò wa. Ẹ ṣáà ṣe díẹ̀, kí oúnjẹ fi dà nínú wọn."

Àwọn aláyẹ̀wò jáde wá wòran, Habeeb sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà ọ́síjìn. Òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n kùn ún. Òórùn ọ̀dà ṣì ń ta nímú. Ó wúkọ́. Ó di àyà mú, ó ń mí bí ẹni tó ń gba ihò abẹ́rẹ́ mí. Àtẹ́wọ́ ya.

"Fíìmù ló yẹ kọ́mọ yìí máa ṣe," ni Alàgbà Ọládipúpọ̀, olórí àwọn aláyẹ̀wò, wí bó ṣe ń tayín.

Fẹ́yìsayọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ń retí kí Habeeb ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú. Ètè rẹ̀ ti ń dà bí aró.

"Ọ̀gá, kì í ṣe eré mọ́ o."

"Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn," ni Theophilus sọ sí i létí, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. "Máa bá a lọ."

Ìnhélà Habeeb wà nínú báàgì rẹ̀, báàgì sì wà nínú kíláàsì tí Theophilus tì pa, kí àlejò má baà rí àjà tó ti já. Fẹ́yìsayọ̀ fi ìbòmú bò ó, ó yí orí sílíńdà. Atẹ́gùn kankan kò jáde. Ó yí i dópin. Ọ̀dà tútù nìkan ló bá a lọ́wọ́ wá.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e sínú áńbúláǹsì."

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹ́ńjìnì áńbúláǹsì ti wà lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ láti ọdún tó kọjá. Àwọn fúnra wọn ló tì í wá sójúde láàárọ̀, tí wọ́n ń kọrin. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé Habeeb lọ sọ́sibítù. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bá wọn débẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ ti Mushin wá gba báàgì ọmọ rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ gbé e fún un.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Àwa mẹ́tàdínlógún, mà."

"Gbogbo yín lẹ sì ń kọ́ṣẹ́ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá náà gbá báàgì mọ́yà. Ó gbójú sókè sí ìwé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gíláàsì bò, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Bá mi kà á."

Fẹ́yìsayọ̀ wo ìlà tó wà lókè ìbuwọ́lùwé Alàgbà Ọládipúpọ̀: *Wọ́n ṣe ìdánrawò níwájú wa. Aláìsàn náà yè.*

"Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, mà."