Ìwé Ìyáálé

Nọ́ọ̀sì Micheline ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó gbé ìwé ìlera sójú, ó kà á.

"Màdáámù Sàlíhà. Ó gba irú abẹ́rẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá, kò ṣe é ní nǹkan kan. Àbí, mùsíyọ̀?"

Sùrájù, ọkọ aláìsàn, wo ìgò oògùn náà. Pẹnisílíìnì.

Sàlíhà, ìyáálé, wà lọ́jà Adjamé. Ẹni tó dùbúlẹ̀ níbí, tí ibà àti ọ̀fun dídùn ń dà láàmú, Mọ́síùrá ni, ìyàwó kejì, tó ti Ṣakí dé lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Kò tíì ní káàdì ìgbélùú. Lọ́dún 2003 yẹn, ọlọ́pàá ń yẹ káàdì wò káàkiri Abidjan. Àwọn kan ládùúgbò a máa fi káàdì kan gbé ìyàwó méjì. "Ìborùn ò ní orúkọ," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni Sùrájù náà ṣe fi ìwé Sàlíhà mú Mọ́síùrá wá sílé ìwòsàn.

"Kí ni wọ́n ń bi yín?" Mọ́síùrá béèrè. Kò gbọ́ Faransé.

"Wọ́n ní kó o fọkàn balẹ̀."

Mọ́síùrá ti sọ fún un rí: nígbà tóun wà lọ́mọdé, pẹnisílíìnì wú òun lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí òun lọ́fun. Ṣùgbọ́n bí Sùrájù bá lanu, àṣírí ìwé tú nìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbà ọmọdé sì ni. Bóyá ó ti kúrò lára rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù," ló wí.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ètè Mọ́síùrá wú. Ojú rẹ̀ dí. Èémí rẹ̀ ń súfèé. Ó di aṣọ Sùrájù mú. Ọwọ́ náà tú. Micheline figbe pe dókítà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn nítan, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń mí dáadáa. Micheline mú bírò pupa.

"Màá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: kò gbọdọ̀ gba pẹnisílíìnì mọ́ láé. Mùsíyọ̀, ẹ bi í, ṣé ó ti ṣe é rí?"

Sùrájù tẹ̀ síwájú. Mọ́síùrá ti gbọ́ pẹnisílíìnì lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò wo ọkọ rẹ̀. Ó yíjú sí Mariama, obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó fi èdè Júlà tó kọ́ lọ́jà ní kó bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún nọ́ọ̀sì.

"Ọkọ ẹ kọ́ ló dúró yẹn?" Mariama ní. "Ó gbọ́ Faransé jù mí lọ."

"Mo mọ̀, tantí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ ní pẹnisílíìnì ti ṣe mí rí. Ẹ ní Mọ́síùrá lorúkọ mi."

Mariama fi Faransé sọ ọ́. Bírò pupa dúró lókè ìwé.

Micheline ò wo ọ̀dọ̀ Sùrájù. Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Sùrájù dúró síbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ìbéèrè náà; kò sí ẹni tó ń retí ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀.